Abdul Rahman Pazhwak: agbára wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé?

Arìnnàkò béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń kó ọ̀rọ̀ jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí Pazhwak, ọmọ Afganísítánì tó jẹ ààrẹ Ìpàdé Àpapọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́dún 1966. Iṣẹ́ wo ló gbé e débẹ̀? Kí ni ẹni tó bá jókòó sórí àga yẹn lè ṣe? Kí ló sì dé tí kò fi lè dá ogun Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá dúró ní 1967? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọjọ́ àti iye ìbò sí i.

Ọ̀mọ̀wé Ìtàn:
Ẹ kú ìbéèrè. Ghazni ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1919. Adájọ́ ni bàbá rẹ̀, Nangarhar sì ni ìdílé wọn ti ṣẹ̀ wá. Iṣẹ́ ìròyìn ló kọ́kọ́ ṣe ní Kabul, nídìí ìwé ìròyìn Islah àti ilé iṣẹ́ ìròyìn Bakhtar, kí wọ́n tó rán an lọ sí ẹ́ḿbásì ní Lọ́ńdọ̀nù àti Washington láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ ìròyìn. Akéwì ni pẹ̀lú, ó ń ké e lédè Páṣíà, ó ń ké e lédè Páṣító.

1958 ló di aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York, ó di 1972 kó tó kúrò. Ọdún 14 nídìí iṣẹ́ kan ṣoṣo! Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí dáadáa, torí ìjọba ló máa ń pààrọ̀ aṣojú lemọ́lemọ́. Ẹni tó bá pẹ́ ló ń mọ òfin ìpàdé bí ẹni mowó.

Ẹ má sì fo 1963. Lóṣù Kẹfà ọdún yẹn, ẹlẹ́sìn Búdà kan dáná sun ara rẹ̀ ní gbangba ní Saigon, olú ìlú Gúúsù Fiẹtinámù, nítorí ìnira tí ìjọba Diem, ààrẹ ibẹ̀, ń kó bá wọn. Ẹjọ́ náà dé Ìpàdé Àpapọ̀, ìjọba Diem sì ní kí wọ́n wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fúnra wọn. Aṣojú orílẹ̀-èdè 7 ló lọ: Afganísítánì, Bràsíl, Ceylon (Sri Lanka lónìí), Costa Rica, Dahomey (Benin lónìí), Mòrókò àti Nepal. Pazhwak ni alága wọn. Ẹni tó ṣojú Dahomey ni Louis Ignacio-Pinto, ọmọ bíbí Àjàṣẹ́, tó wá di adájọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé lẹ́yìn náà. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Saigon. Ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, àwọn ológun dìde. Ọjọ́ kejì, wọ́n pa Diem. Ọjọ́ kẹta, ikọ̀ Pazhwak kúrò nílùú. Àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ kún fún ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n ìjọba tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ti lọ, ni Ìpàdé bá pa ọ̀rọ̀ náà tì.

Àga Ìpàdé:
Lórí agbára: ààrẹ Ìpàdé kì í dìbò. Ẹlòmíì látinú ikọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló ń dìbò. Bí ìbò bá dọ́gba, kò ní èyí tó máa fi tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, kó pa àríyànjiyàn dé, kó sọ irú ìbò tí ọ̀rọ̀ náà gbà, kó kéde àbájáde. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ akọ̀wé àgbà: U Thant nìyẹn, inú ìpàdé tí Pazhwak darí yìí ni wọ́n sì ti tún un yàn.

Ẹ fi wé Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé. Lọ́jọ́ 18 oṣù Keje 1966, ẹjọ́ tí Etiópíà àti Làìbéríà pe Gúúsù Áfíríkà lórí ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàmíbíà lónìí dé òpin: adájọ́ 7 síbí, 7 sọ́hùn-ún. Ìbò kejì tí òfin fún ààrẹ ilé ẹjọ́ ni wọ́n fi dà á nù. Inú bí Áfíríkà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹwàá, lábẹ́ Pazhwak, Ìpàdé gba ìpinnu 2145 tó gba ilẹ̀ náà kúrò lábẹ́ Gúúsù Áfíríkà: 114 fọwọ́ sí i, Potogí àti Gúúsù Áfíríkà ló kọ̀, Faransé, Bìrìtìkó àti Màláwì káwọ́ gbera, ìyẹn ni pé wọn kò gbà, wọn kò sì kọ̀. Olóyè Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, ni wọ́n ń ṣojú Nàìjíríà níbẹ̀ láti 1962 sí 1967, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa rárá. Ìpàdé kan náà ló gba àdéhùn ńlá méjì lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ́jọ́ 16 oṣù Kejìlá 1966. Lójú tèmi, ìpinnu 2145 àti àwọn àdéhùn yìí ló yẹ kó gba àkókò jù nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín.

Oníṣirò:
Lórí 1967, ẹ tún ìbéèrè yín ṣe díẹ̀. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹfà, ó parí lọ́jọ́ 10. Ọjọ́ 17 ni ìpàdé pàjáwìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fà ni bí Ísírẹ́lì yóò ṣe kúrò lórí ilẹ̀ tó gbà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gba ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó dìbò “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “rárá”. Ẹni tó káwọ́ gbera kò sí nínú ìṣirò.

Ọjọ́ 4 oṣù Keje ni wọ́n dìbò. Àbá Yugoslavia ní kí Ísírẹ́lì kúrò láìsọ ohun mìíràn mọ́ ọn: 53 gbà, 46 kọ̀, 20 káwọ́ gbera. Nínú 99, ó nílò 66. Àbá àwọn orílẹ̀-èdè Látìn Amẹ́ríkà so kíkúrò mọ́ fífi òpin sí ipò ogun: 57 gbà, 43 kọ̀, 20 káwọ́ gbera. Nínú 100, ó nílò 67.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń di ẹ̀bi ru àwọn tó káwọ́ gbera. Ẹ ṣírò ọ̀rọ̀ náà wò. Ká ní gbogbo 20 náà gba àbá kìíní, yóò di 73 nínú 119, 80 ló sì nílò. Tí wọ́n bá gba èkejì, yóò di 77 nínú 120, 80 náà ló nílò. “Rárá” ló pa àbá méjèèjì, kò sì sí ọgbọ́n alága tó lè sọ “rárá” di “bẹ́ẹ̀ ni”. Lára àwọn tó yege lọ́jọ́ náà ni ti Jerúsálẹ́mù, tó ní kí Ísírẹ́lì má ṣe yí ipò ìlú náà padà: 99 gbà, ẹnikẹ́ni kò kọ̀ ọ́, 20 káwọ́ gbera. Ìyókù di ti Ìgbìmọ̀ Aláàbò, tó gba ìpinnu 242 lórí ọ̀rọ̀ náà lóṣù Kọkànlá.

Arìnnàkò:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Báwo ló ṣe wá parí fún un?

Ọ̀mọ̀wé Ìtàn:
Ó ṣe aṣojú ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, ní Índíà, lẹ́yìn náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àwọn kọ́múníìsì gbàjọba ní Kabul lóṣù Kẹrin 1978, ó fipò sílẹ̀, ó padà sílé, wọ́n sì sé e mọ́lé. 1982 ni wọ́n jẹ́ kó jáde lọ gba ìtọ́jú. Ó kọjá sí Amẹ́ríkà, níbi tó ti wà títí di 1991 tó lọ sí Peshawar, láàárín àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ tí ogun lé síbẹ̀. Ibẹ̀ ló kú sí lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹfà 1995. Nangarhar ni wọ́n gbé e lọ sin sí.