Èsì: “Ìtàn ìsìn ọkọ̀” kẹ̀? Ṣọ́ọ̀ṣì ni àbí ọkọ̀ ogun?

Ẹ̀yin ará ilé,

Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, mo ní kí n dákẹ́, ẹnu ń yún mi. Ẹ̀gbọ́n wa kọ̀wé nípa Black Joke, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń lé àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrú, wọ́n sì pe àkọlé rẹ̀ ní “Ìtàn ìsìn ọkọ̀ Àwàdà Dúdú”: “service” ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ di ìsìn. Orúkọ tí wọ́n sọ di Àwàdà Dúdú, mo gbójú fo ìyẹn. Inú orin ọlọ́tí kan tí kò ṣeé kọ lójú ọmọdé ni wọ́n ti mú un, àwàdà ọmọlúàbí kankan kò sí níbẹ̀. “Ìsìn” yẹn ni ẹjọ́ mi.

Ìsìn wo, ẹ̀gbọ́n? Ti òwúrọ̀ ni àbí ti ìrọ̀lẹ́? Bí mo bá ka àkọlé yẹn fún màmá mi, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ló wàásù.

Ẹ fèsì pé ṣebí rédíò ń sọ pé àwọn agùnbánirọ̀ ń sìnrú ìlú. Wọ́n ń sọ ọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ tú u wò: sìn, ẹrú. Ẹrú jókòó sínú rẹ̀ gbagidi. Agùnbánirọ̀ tó wọ kákí lè fi ṣe ara rẹ̀ ní yẹ̀yẹ́, ọdún kan péré ni. Ọkọ̀ tí à ń sọ yìí ńkọ́?

Baltimore ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kàn án. Nígbà tó wà lọ́wọ́ olówò kan ní Bahia ní Brazil, Henriqueta ló ń jẹ́, ènìyàn ló sì ń kó. Ìrìn mẹ́fà, ó ju 3,000 ènìyàn lọ tó gbé sọdá òkun. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án 1827, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Sybille mú un pẹ̀lú 569 ènìyàn nínú rẹ̀. Collier, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ní etíkun wa nígbà náà, rà á ní £900 nítorí eré rẹ̀, ó sì di Black Joke. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í lè lé bá nígbà tó ń kó ẹrú, òun náà ni wọ́n wá dẹ sí àwọn tó ń kó ẹrú. Ní oṣù Kejì 1829, wákàtí 31 ló fi lé El Almirante, ọkọ̀ Sípéènì kan tó ń kó ẹrú. Atẹ́gùn kú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àjẹ̀ wà á. Àgbá 14 ni ti ọkọ̀ Sípéènì yẹn, méjì péré ni tiwa. (Mo pè é ní tiwa. Ẹ má bá mi jà.) Ènìyàn 466 ló bọ́ lóko ẹrú lọ́jọ́ náà.

Ẹ wá fẹ́ kí n pe gbogbo èyí ní ìsìn. Ìgbà tó ń kó ẹrú ni ìsìn, àbí ìgbà tó ń gbà wọ́n? Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí a mọ̀. “Iṣẹ́” wà ńlẹ̀. “Ìtàn iṣẹ́ ọkọ̀ ogun náà”, ó parí. Mo mọ̀ pé kò dùn létí àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tuntun, torí kò sí ẹni tó máa pàtẹ́wọ́ fún yín pé ẹ ṣẹ̀dá rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa tó wà ní London wá dá sí i. Wọ́n ní sìn kan náà ni “sìn mí sọ́nà”, pé Black Joke sì máa ń sin àwọn ọkọ̀ tó bá mú lọ sí Freetown, nítorí náà ìsìn tọ̀nà. Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, sà. Màmá àgbà tó tọ́ mi ní Pópó Àgùdà kì í jẹ́ kí àlejò dá lọ. A gbọ́dọ̀ sìn ín dé ìkóríta, kódà bó bá jẹ́ pé ó wá sin wá lówó ni. Àmọ́ n kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí pé “mo ń bọ̀ láti ìsìn àlejò”. Ọ̀rọ̀ ìṣe náà lè sìn yín sọ́nà, ọ̀rọ̀ orúkọ náà kò ní tẹ̀ lé yín. Bíbélì tí ẹ tún fà yọ kò gbè yín: ti Ọlọ́run ni ìsìn ibẹ̀. Àjàyí Crowther pàápàá, tó ṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, ló gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Potogí ní oṣù Kẹrin 1822.

Ohun tó dùn mí jù kò tíì sí ẹni tó rí i. Ìpínrọ̀ kejì ẹ̀gbọ́n: “Henriqueta jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù.” Akẹ́rù! Lọ́rì tó ń kó iṣu bọ̀ láti Ṣakí ni akẹ́rù. Akẹ́rú lẹ fẹ́ kọ, àmì orí u kan ṣoṣo. Mo wo ọ̀rọ̀ méjèèjì lórí kọ̀ǹpútà mi pẹ́, ara mi bù máṣọ. Lójú olówò Bahia yẹn gan-an, kò sí ìyàtọ̀: ẹrù ni àwọn ènìyàn náà. Ẹ wá ń sọ pé àmì ohùn kò ṣe pàtàkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó bi mí pé yunifásítì wo ni mo ti gboyè, mo ti rí ìbéèrè yín. Ọmọ kíláàsì mi ti pọ̀ ju ọdún yín lọ.

Wọ́n sun ọkọ̀ náà ní Freetown ní oṣù Karùn-ún 1832, igi rẹ̀ ti jẹrà. Bí ẹ bá tún un kọ, ẹ kọ “sun”. “Wọ́n sin ín” tí ẹ kọ yẹn, n kò mọ̀ bóyá àṣìtẹ̀ ni àbí “ìsìn” ló tún ń bá yín jà.

Ọ̀rọ̀ ìgbòkun (aṣọ tí atẹ́gùn fi ń ti ọkọ̀ lọ), bóyá “gbà” ló wà nínú rẹ̀ tàbí “gbé”, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀ lọ́la. “Gbé” ni.