Èémí kọ́ ni ẹ̀mí: lórí orúkọ ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́,

Mo ka àbá ọ̀gá wa pé kí ìwé tí a fẹ́ fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì máa pe fẹntilétọ̀ ní "ẹ̀rọ afúnnilẹ́mìí". Ẹ jọ̀ọ́, n kò gbà. Ẹ̀rọ yẹn kì í fúnni lẹ́mìí. Afẹ́fẹ́ ló ń tì sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀mí ń bẹ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá.

Ọdún 14 rèé tí mo ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì ní yàrá àwọn tí àìsàn wọ́n le. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan sọ fún ìyàwó aláìsàn pé, "Mà, lọ́la a ó yọ ẹ̀rọ ẹ̀mí kúrò lára bàbá." Ìròyìn ayọ̀ ló rò pé òun ń sọ, torí bàbá ti ń mí fúnra wọn. Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?" Láti ọjọ́ náà, "já lẹ́nu ẹ̀rọ" ni mò ń kọ́ wọn, bí a ṣe ń já ọmọ lẹ́nu ọmú: díẹ̀díẹ̀, kí ara lè mọ̀ ọ́n ṣe.

Bí a bá pè é ní "amúnimí", ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo "mú" inú rẹ̀. Mú ti amúnisìn ni, tipátipá. Ẹ̀rọ yìí sì lè dúró kí aláìsàn fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fa èémí, kó tó tì í lẹ́yìn. "Bá" ni mo fara mọ́: ẹ̀rọ abánimí. Ẹni tó bá ọ gbẹ́rù lè gbé gbogbo rẹ̀, ó sì lè gbé apá kan. Ní Copenhagen, olú ìlú Denmark, lọ́dún 1952, nígbà àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán-tòru, wọ́n ń fọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́. Ṣebí bíbá ni wọ́n ń bá àwọn aláìsàn mí!

Orúkọ ló ń darí ojú nọ́ọ̀sì. Ẹni tó gbà pé ẹ̀rọ ló ń fúnni lẹ́mìí, ojú ẹ̀rọ ni yóò máa wò bó bá ké. Aláìsàn ló yẹ kó kọ́kọ́ wò: ṣé àyà ń gbéra? Ṣé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló dí ọ̀nà, àbí rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ló tẹ̀, àbí ó ti yọ? Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì ṣì ga tó ìwọ̀n dígírì 30 sí 45? Bí nọ́ọ̀sì bá ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀rẹ́ wa tó ní àmì ohùn kò pọn dandan, ẹ gbà mí láyè. Mo rí "alaisan n mi" nínú ìwé tí nọ́ọ̀sì fi ń jábọ̀ iṣẹ́ alẹ́. Ṣé ó ń mí ni, àbí ó ń mì? Ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. "Ìmí" tí kò ní àmì ohùn ìsàlẹ̀ sì ti di ìgbẹ́. Bàbá mi àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọn a gbé ọwọ́ mi lé àyà wọn: "Mímí nìyí." Wọn a gbé e lé ọ̀fun: "Mímì nìyí."

Ní ti ẹni tó ní kí a fi "olùtọ́jú aláìsàn" rọ́pò "nọ́ọ̀sì": kí ni a ó wá pe dókítà? Mo ṣì ń retí èsì yín lórí ìyẹn.