Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: oúnjẹ wo ni mo lè sè lóde màmá mi tí ò ní gbé ṣúgà wọn sókè?

Àbíkẹ́ n'Íbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi máa pé 70 lóṣù tó ń bọ̀, inú ilé wa náà la ti fẹ́ ṣe é, nǹkan bí èèyàn 80. Ìtọ̀ ṣúgà ń yọ wọ́n lẹ́nu, oògùn ṣúgà tí wọ́n ń pè ní metformin ni wọ́n ń lò, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní in náà pọ̀, ọ̀kan tiẹ̀ ń gún abẹ́rẹ́ insulin. Bọ̀dá mi ní ká ya tábìlì kan sọ́tọ̀ fún wọn, ká gbé ẹ̀wà àti wíìtì síbẹ̀. Màmá gbọ́, inú bí wọn gidi, wọ́n ní àwọn ò ní jókòó sídìí tábìlì aláìsàn lọ́jọ́ ìbí àwọn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí torí òótọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́ kí ni mo lè sè tí gbogbo èèyàn á jẹ tí ò sì ní ṣe wọ́n níbi? Kí la ó gbé fún wọn mu yàtọ̀ sí omi? Kéètàrà ní òun á fi oyin rọ́pò ṣúgà, ṣé ó dáa?

Ìyá Ìbejì:
Màmá ò jẹ̀bi rárá. Má ya tábìlì kankan sọ́tọ̀ jàre, oúnjẹ tó bá àwọn ìyá yẹn lára mu ni kó o sè fún gbogbo ilé, tí wọn ò bá sọ fún ẹnikẹ́ni, ta ló fẹ́ mọ̀? Mọ́ínmọ́ín eléwé tó ní ẹja àti ẹyin nínú, ẹ̀fọ́ rírò tí ṣọkọ pọ̀ nínú ẹ̀ tí ìgbín àti pọ̀nmọ́ wà ńbẹ̀, asun, ẹja àrọ̀ aláta, gízáàdì tó o fi tàtàṣé àti àlùbọ́sà sè láìsí dòdò. Sọ fún mi, ta ni yóò rí ìwọ̀nyí lóde tó máa béèrè pé oúnjẹ aláìsàn nìyí?

Adé Ọ̀yọ́:
Ìrẹsì ọ̀fadà ni kẹ́ ẹ sè, kò ní ṣúgà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú náà, wọ́n lè jẹ ẹ́ bó ṣe wù wọ́n. Kí wọ́n sì máa mu omi ewúro láràárọ̀, wọ́n lè jáwọ́ nínú oògùn yẹn.

Nọ́ọ̀sì Ayọ̀:
Bọ̀dá Adé, ẹ má bínú, mo ní láti sọ̀rọ̀ síbí o. Kí ẹnikẹ́ni má jáwọ́ nínú oògùn nítorí ewúro, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín. Ọ̀fadà dáa ju ìrẹsì funfun lọ torí èèpo ṣì wà lára ẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú náà sàn ju èyí tó pọ́n lọ, àmọ́ àwọn méjèèjì ṣì ń di ṣúgà nínú ara, tèèyàn bá kó o kún àwo ó máa fojú ẹ̀ rí i. Ohun tá a máa ń sọ fún wọn ní kíléníìkì ni pé kí ìdajì àwo jẹ́ ẹ̀fọ́, ìdá mẹ́rin kan ẹran tàbí ẹja tàbí mọ́ínmọ́ín, ìdá mẹ́rin tó kù ìrẹsì. Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹran kí wọ́n tó kan ìrẹsì, ìyẹn náà ń dín bí ṣúgà ṣe ń fò sókè kù.

Oyin ò dáa Àbíkẹ́, ṣúgà náà ni. Dàbínù àti júùsì inú páálí náà ńkọ́, ọ̀kan náà ni wọ́n. Máltì tí wọ́n ń pè ní afúnnilẹ́jẹ̀, ẹ yí i sẹ́yìn kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: tó bá jẹ́ gíráàmù 10 nínú 100ml, á jẹ́ pé ike 50cl ní gíráàmù 50, bíi kóró ṣúgà onígun 12 nìyẹn.

Èyí tó ká mi lára jù ni ìyá tó ń gún insulin. Òde wa, tí wọ́n bá ní aago méjì, oúnjẹ lè máà jáde títí aago márùn-ún. Ẹni tó ń gún insulin tàbí tó ń lo oògùn ṣúgà oníhóró tí wọ́n ń pè ní glibenclamide tàbí glimepiride, tí oúnjẹ bá pẹ́, ṣúgà ẹ̀ lè já wálẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, ọwọ́ á máa gbọ̀n, á máa sọ ìsọkúsọ. Nítorí náà kí mínírà tó ní ṣúgà gidi má ṣàìsí nínú kúlà o. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ fún un ní nǹkan bíi 150ml, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ yẹ ṣúgà wò, tó bá ṣì wà lábẹ́ 70 mg/dL ẹ tún fún un, tó bá ti gòkè kọjá ìyẹn kó jẹun. Tó bá dákú, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu, ọsibítù ni.

Bàbá Kọ́lá:
Ọlọ́run bù kún ẹ, Nọ́ọ̀sì. Èmi náà ní in. Oúnjẹ gan-an kọ́ ló máa ń dà mí láàmú lóde, àwọn èèyàn ni. Wàá ní o ò mu, wọ́n á ní "ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ńkọ́, ṣé ẹ̀ ń bá wa bínú ni," wọ́n á já ìdérí ẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹ. Àbíkẹ́, bá àwọn ọmọ tó ń pín nǹkan sọ̀rọ̀, omi tútù àti sóbò ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú èèyàn, ẹni tó bá fẹ́ mínírà á béèrè. Tẹ́nì kan bá ní ìrẹsì yìí pọ̀, kí wọ́n bù ú kúrò láìbéèrè ìdí. Ẹni tó bá sì fẹ́ mu bíà, kó jẹun ná, pàápàá tó bá ń gún abẹ́rẹ́.

Alásè Mọ́níyà:
Ẹ gbọ́ ti sóbò. Ìdí tí gbogbo èèyàn fi ń da ṣúgà sí i ni pé wọ́n se ìṣápá tí wọ́n fi ń ṣe é títí ó fi kan gógó. Ẹ ṣan ìṣápá gbígbẹ náà dáadáa, gíráàmù 200 tó fún lítà 10, ẹ bẹ́ atalẹ̀ sómi, ẹ fi kànáfùrù díẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ òyìnbó tẹ́ ẹ ti fọ̀ sí i, kó hó. Ẹ wá pa iná kẹ́ ẹ tó da ìṣápá sí i, ẹ dé e, ìṣẹ́jú 15 tó, ẹ sẹ́ ẹ. Kò ní kan jù. Tó bá ti tutù, ẹ gé kùkúńbà àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ gbé e sínú yìnyín. Àwọ̀ ẹ̀ nìkan á pe èèyàn.

Àbíkẹ́ n'Íbàdàn:
Ẹ ṣé gan-an ni, mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún màmá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. A ò yọ jọ̀lọ́ọ̀fù kúrò o, a kàn máa bù ú kéré ni, ẹ̀fọ́ àti mọ́ínmọ́ín á wà nínú àwo gbogbo èèyàn. Mo ti sọ fún kéètàrà pé kó gbàgbé oyin. Aago kan ààbọ̀ loúnjẹ á jáde, bí àwọn olórin ò bá tiẹ̀ tíì dé. Kéèkì ńkọ́? Màmá ní àwọn fẹ́ gé kéèkì.

Nọ́ọ̀sì Ayọ̀:
Kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì jẹ ẹ́, ègé kékeré, lẹ́yìn oúnjẹ. Kí wọ́n wá dín ìrẹsì kù láti fi ṣe àyè fún un. Bá wa kí wọn kú ọjọ́ ìbí.