Wọ́n ní kí agbolé wa kó lọ sí ẹ̀sítéètì, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ Sókorí:
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará. Etí odò Sókorí níbí l'Abẹ́òkúta ni agbolé wa wà, ilé amọ̀ ni, páànù ẹ̀ ti dógùn-ún, yàrá mẹ́jọ ṣáláńgá kan, tójò bá ti ṣú báyìí orí tábìlì la ń sáré gbé àpò gàrí sí. Ijọ́sí làwọn kan wá fi ọ̀dà pupa fa X sára ògiri, wọ́n láwọn máa fún wa ní fúláàtì lẹ́yìn ìlú, wọn ò fún wa níwèé kankan o, ẹnu lásán ni. Èmi fẹ́ lọ ní tèmi, àmọ́ Bàbá àgbà láwọn ò lọ ibì kankan, torí inú yàrá àwọn ni wọ́n sin bàbá àwọn sí, ibi tẹ́ní wọn wà gan-an.

Baba Panṣẹ́kẹ́:
Ọmọ mi, má fọwọ́ sí nǹkan kan o. Bóyá o ò tíì dáyé nígbà tí wọ́n wó Màrókò l'Ékòó, July 1990, ayé Rasaki tó jẹ́ gómìnà ológun Èkó, ọjọ́ méje péré ni wọ́n fún nǹkan bí 300,000 èèyàn kí katapílà tó dé. Onílé nìkan ni wọ́n kà mọ́ àwọn tó máa rílé gbà, ayálégbé wábi gbà. Àwọn tó dẹ̀ débẹ̀, ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán ni wọ́n bá.

Ìyá Aláró:
Iṣẹ́ ńkọ́? Àbúrò mi kó lọ sí fúláàtì l'Ọ́bàntokò, ilé dáa, omi wà nínú kíṣíìnì, àmọ́ níbo ló ti fẹ́ rẹ àdìrẹ? Ìkòkò aró kì í gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ojoojúmọ́ ló ń wọkọ̀ padà wá Ìtòkú, owó ọkọ̀ ti jẹ èrè tán.

Sọ̀fíyọ̀:
Ẹ̀yin àgbà ẹ máà bínú, ṣé ẹ ti gbàgbé omíyalé July 2018 ni? Sókorí kì í ṣe ibi téèyàn ń tẹ́ ọmọ sùn sí tójò bá ń rọ̀. Àmọ́ kọ́kọ́ bi wọ́n, ṣé owó gbà-máà-bínú ni àbí ilé? Torí nínú Land Use Act 1978, òfin ilẹ̀ Nàìjíríà, abala 33, tó o bá ti gba ilé, ọ̀rọ̀ owó ti parí nìyẹn, tí ilé yẹn bá dẹ̀ wọ́n ju owó tó yẹ kó o gbà lọ, ẹ lè jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé iye tó fi lé yẹn di gbèsè tó o máa máa san. Nínú ìwé tí wọ́n bá gbé wá, wá ibẹ̀ yẹn dáadáa. Ti sàréè, ẹ lè hú u, a hú tiwa nígbà tí títì gba àdúgbò wa kọjá.

Ọmọ Sókorí:
Gbèsè kẹ̀! Lórí ilé tí mi ò tọrọ? Mo ka gbogbo ẹ̀ fún Bàbá, ibi híhú sàréè ni wọ́n ti dá mi dúró, wọ́n ní kí n bi yín pé ta ló máa ra àgbò ẹ̀, ìjọba ni àbí àwọn.