Ìwé ìpè ìgbéyàwó láti Násárẹ́tì

Ìyá Ìbejì, Peckham:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará mi. Ẹ ní kí kálukú wá sọ ohun tó rí níbi tí wọ́n ti ń wo fíìmù ní àdúgbò rẹ̀. Tèmi rèé.

Aládùúgbò mi ló mú mi lọ. Gbọ̀ngàn ilé ìkàwé ni wọ́n ń lò. Àga oníke tí à ń tò fúnra wa, aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri, garawa kékeré lẹ́nu ọ̀nà fún ẹni tó bá fẹ́ fowó sí i. Fíìmù àwọn ará Palẹstínì nìkan ni wọ́n fi gbogbo ìgbà òtútù yẹn wò. Mo ti múra ẹkún sílẹ̀. Ìbọn, bọ́ǹbù, òkú ọmọdé, ohun tí mo rò pé mo ń lọ wò nìyẹn.

Àfi bí mo ṣe rí bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń pín ìwé ìpè ìgbéyàwó. Wajib ni fíìmù náà ń jẹ́, Annemarie Jacir ló ṣe é lọ́dún 2017. Ojúṣe ni ìtumọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn àáfà wa náà máa ń lò. Amal, ọmọbìnrin bàbá, ló fẹ́ lọ ilé ọkọ. Shadi, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, wá dé láti Ítálì, torí àṣà Násárẹ́tì ni pé ọkùnrin ilé gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìwé dé ilé kọ̀ọ̀kan.

Násárẹ́tì! Láti kékeré ni mo ti ń pe orúkọ yẹn nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé bàbá àti ọmọ lè wà níbẹ̀ lónìí tí wọ́n ń jiyàn lórí olórin tó máa kọrin níbi ìyàwó. Ilé tí wọ́n bá wọ̀, wọ́n á gbé kọfí wá. Bí bàbá mi ti ṣe nìyẹn nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣègbéyàwó ní Ìjẹ̀bú Òde. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi rìn, títí dé ilé ẹni tí kò bá a sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ó ní ìwé tí èèyàn bá fi rán ọmọdé sí àgbà, àfojúdi ni.

Ibi tó ká mi lára jù ni pé bàbá fẹ́ fún ọmọ Ísírẹ́lì kan ní ìwé, Shadi sì fárí gá pé amí ni ọkùnrin náà. Ọmọ máa padà sí Ítálì. Bàbá ló máa kù sílé pẹ̀lú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, torí abẹ́ Ísírẹ́lì ni Násárẹ́tì wà. Èmi náà, láti London níbí, mo máa ń pàṣẹ fún bàbá mi lórí fóònù pé kó má tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni nílùú. Bàbá mi ti dolóògbé báyìí, mi ò lè tọrọ àforíjì mọ́. Bàbá àti ọmọ gidi ni àwọn òṣèré méjèèjì, Mohammad Bakri àti Saleh Bakri. Ẹ ó rí i lójú wọn.

Oníkámẹ́rà, Thamesmead:

Mọ́mì, ẹ ṣeun. Fídíò ìkómọ àti ìsìnkú àgbà ni mo fi ń jẹun. 5 Broken Cameras, fíìmù ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ni wọ́n fi hàn wá. Emad Burnat, àgbẹ̀ ní abúlé Bil'in ní Palẹstínì, ra kámẹ́rà lọ́dún 2005 torí wọ́n bí Gibreel, ọmọ rẹ̀ kẹrin. Irú oníbàárà mi gan-an. Àmọ́ odi tí Ísírẹ́lì ń mọ ti wọ ilẹ̀ tí wọ́n gbin ólífì sí, abúlé sì ń jáde fẹ̀hónú hàn ní gbogbo Jímọ̀. Kámẹ́rà kan á fọ́, á wá òmíràn, ó di márùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn ló gba ọta ìbọn dúró fún un. Ọ̀rẹ́ wọn tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn, Phil ni wọ́n ń pè é, agolo tajútajú bà á láyà lọ́dún 2009, ó sì kú. Ẹni tó bá ti di kámẹ́rà mú níbi òkú rí mọ bí ọwọ́ ṣe máa ń fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Emad ò dáwọ́ yíyà dúró. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n sún odi náà lọ́dún 2007, ó di 2011 kí wọ́n tó sún un.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń pa fídíò oníbàárà rẹ́ lẹ́yìn ọdún kan kí àyè lè wà. Mi ò pa ọ̀kan rẹ́ mọ́.

Àbúrò yín ní Manchester:

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Èmi mú ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ wo The Present, ti Farah Nabulsi, fíìmù kékeré tí kò tó ìdajì wákàtí. Yusef àti Yasmine ọmọ rẹ̀ lọ ra fìríìjì fún ìyá ilé, àwọn ológun Ísírẹ́lì dá wọn dúró lọ́nà, wọ́n ti bàbá mọ́ inú àgò irin lójú ọmọ. Ọmọ náà tọ̀ sára. Ọmọ tèmi di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi dé inú bọ́ọ̀sì.

Oṣù tó ń bọ̀ ni àwa máa wo Wajib. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì sọ òpin rẹ̀ fún wa.