Agbọ̀ràndùn ni, kì í ṣe "olùgbọ́ràn"

Ẹ̀yin ará,

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Bódìjà ní òun ti rí orúkọ fún àwa tá a yọ̀ǹda ara wa láti máa gbé fóònù àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́: "olùgbọ́ràn ọ̀fẹ́". Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí gbọ́ bá pàdé ọ̀ràn, gbọ́ràn ló ń dà, gbọ́ràn sì ni kéèyàn ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. "Ìgbọ́ràn sàn ju ẹbọ lọ" tí Sámúẹ́lì wí fún Sọ́ọ̀lù, ṣé fóònù ló ní kó máa gbé ni? Ẹni tó pè wá láago méjì òru pé ayé ti sú òun, pé ká jẹ́ kí òun máa lọ, ṣé ká gbọ́ràn sí i lẹ́nu?

"Ọ̀fẹ́" ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni búrẹ́dì tí wọ́n ń pín nígbà ìbò.

Olùgbọ́ lásán náà ò ṣe é lò, rédíò ti gbà á lọ́wọ́ wa tipẹ́.

Agbọ̀ràndùn wà nílẹ̀, ẹni tí ọ̀ràn ẹlòmíì ń dùn. Gba ọ̀ràn dùn ló ti wá: fáwẹ̀lì "a" inú gba ti di pípajẹ, ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀ràn ló kù. Ẹni tó kọ "agbọ́ràndùn" lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ tún un kọ.

Àǹtí wa ní Mọ́níyà ní "agbọ̀ràndùn bí ìyekan ẹni" làwọn àgbà ń wí, pé àjèjì sì ni wá, torí pé a kì í ṣe ìyekan wọn gan-an làwọn èèyàn fi ń pè wá. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo bí yẹn. Bí ìyekan ni wọ́n wí, wọn ò pè é ní ìyekan.

Ẹlòmíì ní ọ̀ràn ń rùn bí àgọ́ ọlọ́pàá, torí abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn, tó sọ gbígbìyànjú láti pa ara ẹni di ẹ̀ṣẹ̀, tí ẹ̀wọ̀n ọdún kan so mọ́ ọn. Kì í ṣe gbogbo ọ̀ràn là ń dá. Àwọn kan ń bá wa ni.

Ẹgbẹ́ Samaritans, tó ń gbé irú fóònù tiwa yìí, tí Àlùfáà Chad Varah dá sílẹ̀ ní London lọ́dún 1953 ńkọ́? Tíì làwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ń bù fún àwọn tó ń dúró de àlùfáà. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ ń mu tíì, wọ́n ń sọ̀dí ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń lọ sílé láìrí àlùfáà mọ́. Bíbánidọ́rẹ̀ẹ́ ni wọ́n pè é.

Níbi tí wọ́n ti kọ́ wa ní Mọ́kọ́lá, wọ́n ní kẹ́nì kan sọ̀rọ̀ fún iṣẹ́jú márùn-ún, kí èkejì má gbà á nímọ̀ràn, kó má ṣàdúrà fún un. Ọmọ Yorùbá ni mí! "Ọlọ́run á ṣe é" ti dé ètè mi kí ẹni tó jókòó síwájú mi tó mí lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá àgbà mi tó ta èlùbọ́ ní Ọjàaba ò lọ síbi ẹ̀kọ́ kankan. Bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ ilé ọkọ dé, kò ní gbé ajọ̀ sílẹ̀. Á jọ̀ ọ́. "Hẹn-ẹn." Á tún jọ̀ ọ́. Nígbà tí onítọ̀hún bá fi máa parí, èlùbọ́ á ti bo apá rẹ̀ dé ìgúnpá. Á wá ní, "Mo gbọ́."

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n á fìyẹn mú mi. Mo gbọ́ ló wí o, kò wí pé òun gbọ́ràn.

Ní ti ẹni tó ní mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ torí pé Ìjẹ̀bú ni bàbá mi, a ó jọ rí i lọ́jọ́ mìíràn. Aago mẹ́sàn-án ti fẹ́ lù, èmi ni mo ni fóònù lálẹ́ òní.