Ọmọ mi fẹ́ rí agbábọ́ọ̀lù l'Àbújá, ẹ bá mi dá sí i

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta (Leeds):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, à ń bọ̀ l'Àbújá lóṣù kẹfà, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Gwarinpa la máa wà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Bọ́ọ̀lù lọmọ yìí ń jẹ tó ń mu. Látìgbà tí wọ́n ti fún Ademola Lookman ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù ní Áfíríkà ní 2024 ni n ò ti ráyè sinmi mọ́, torí London ni wọ́n bí Ademola sí, Leeds ni wọ́n bí òun náà sí, ó ní ìyẹn tó láti jẹ́ ẹbí. Ó wá ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ níléèwé pé tóun bá ti dé Nàìjíríà, òun á kàn máa rí àwọn Super Eagles lójú títì bí ẹni ń rí adìyẹ. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, ṣé èèyàn máa ń ṣàdédé pàdé wọn lóòótọ́? Kí lèèyàn ń ṣe tó bá rí wọn? Ẹnì kan ti fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí mi lórí Facebook pé òun ń bá agbábọ́ọ̀lù kan ṣiṣẹ́, kí n san 150,000 náírà, òun á ṣètò ẹ̀ kí ọmọ mi bá a ya fọ́tò. Mo ti fẹ́ẹ̀ san án o, kí n má purọ́.

Ìyá Ìbejì (Kubwa):
Bọ̀dá Leeds, ẹ má san kọ́bọ̀! Ẹni tó ń bá agbábọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ lóòótọ́ kì í jókòó sórí Facebook kó máa wá ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò kiri. Ọmọ àbúrò mi kó sírú ẹ̀, ó san 40,000, wọ́n ní kó wá dúró ní Jabi lágogo mẹ́rin, ọmọ yìí dúró títí agogo mẹ́jọ fi lù, gbogbo jíìpù tó bá ní gíláàsì dúdú ló ń bẹ̀rẹ̀ wò, díẹ̀ ló kù kí ọlọ́pàá gbé e. Nọ́ńbà ẹni tó gbowó yẹn ò lọ mọ́ títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Èmi ò wá ẹnì kankan lọ tí mo fi rí tèmi. Ẹ rántí bí Super Falcons, àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin wa, ṣe na Morocco 3-2 nílé wọn ní ìparí ife Áfíríkà àwọn obìnrin ní 26 July 2025, lẹ́yìn tí àwọn yẹn ti kọ́kọ́ jẹ góòlù méjì. Ní 28 July Tinubu gbà wọ́n lálejò níbí l'Àbújá, ó ṣèlérí owó tó tó dọ́là 100,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ó fi ilé lé e. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ mo kó àwọn ìbejì mi lọ dirun ní Wuse. Wọ́n ti yọ mí lẹ́nu pé irun búlúù làwọn fẹ́, bíi ti Rasheedat Ajibade, mo ní kí ni màá sọ fún bàbá yín. A jókòó, à ń dúró de àyè. Ọmọbìnrin kan wà lábẹ́ dráyà, ó wọ síléètì àti ṣòkòtò péńpé, ó ń tẹ fóònù ẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹnikẹ́ni ò wò ó. Àfi Kẹ́hìndé tó fà mí láṣọ, ó ní, «Mọ́mì, ẹ wo ojúgun àǹtí yẹn.» Mo wò ó. Àpá ló kún ibẹ̀ láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, àpá kékeré kékeré, bí ẹni tí wọ́n fi orí bàtà tẹ̀ lára fún ọdún mẹ́wàá. Mo gbójú sókè, mo wo ojú ẹ̀ nínú dígí, àyà mi já. Ọ̀kan nínú wọn ni. N ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ó wá sinmi ni.

Mo sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n jókòó sára. Mi ò súnmọ́ ọn títí tó fi jáde lábẹ́ dráyà, tí onídìrí tú u tán. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ bá a, mo ní «Àǹtí, ẹ kú oríire, ẹ kú làálàá.» Yorùbá ló fi dá mi lóhùn o! Ó pe àwọn ọmọ, ó fi wọ́n sí apá ọ̀tún àti apá òsì, ó bi Táyé pé ẹsẹ̀ wo ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ìyẹn ní ẹsẹ̀ méjèèjì, gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Fọ́tò tí mo yà, Kẹ́hìndé dijú. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo sì yà torí ojú ń tì mí. A ò ní máàkà, pẹ́ńsùlù ìpéǹpéjú onídìrí ló fi kọ orúkọ ẹ̀ sára àpò ìwé Kẹ́hìndé. Kó tó di ọjọ́ Àìkú ó ti para dà di ẹrọ̀fọ̀, Kẹ́hìndé sunkún, ó ní èmi ni mo gbé àpò náà fọ. Èmi kọ́ o, òógùn ni.

Nítorí náà, máàkà. Ẹ fi sínú àpò kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀.

Télọ̀ Garki:
Àǹtí, ẹ ti mú mi wọ oko mi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé jẹ́sì tí wọ́n buwọ́ lù wá sọ́dọ̀ mi kí n bá wọn fi gíláàsì bò ó, ìdajì ẹ̀ ló ti bàjẹ́ kó tó dé. Ẹ gbọ́. Bírò kì í mú aṣọ, ẹ má gbé e wá. Máàkà tí kì í parẹ́ ni. Tó bá jẹ́ jẹ́sì fúnfun, dúdú ló dáa, ṣùgbọ́n jẹ́sì Nàìjíríà tó jẹ́ àwọ̀ ewé, aláwọ̀ fàdákà ló máa hàn dáadáa lára ẹ̀. Ẹ fi páálí sínú aṣọ náà kẹ́ ẹ tó jáde nílé, páálí bisikíìtì náà ti tó, ó ń jẹ́ kí aṣọ nà, kì í sì í jẹ́ kí íńkì wọ ẹ̀yìn. Orí nọ́ńbà tó ń dán yẹn ni kó ti kọ ọ́, torí ibi tí aṣọ bá ti ní ihò wínníwínní, íńkì máa ń ṣàn bí ọbẹ̀ tó dà sórí ẹní. Tó bá kọ ọ́ tán, ẹ má ká a! Ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ. Ẹ ò sì gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ láéláé, èyí tó bá ń rùn kó máa rùn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ (Sábọ́n Gàrí, Kano):
Ẹ kú ìjókòó. Bọ̀dá Leeds, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín kẹ́ ẹ má lọ ná owó ọkọ̀ òfuurufú dànù. Tó bá jẹ́ pé Eagles lẹ fẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, Àbújá kọ́. Látìgbà tí Ghana ti wá gbá 1-1 pẹ̀lú wa ní pápá Moshood Abiola ní 29 March 2022, tí wọ́n gba ìwé World Cup mọ́ wa lọ́wọ́, táwọn èrò ya wọ pápá tí wọ́n ń fọ́ nǹkan, Uyo ni wọ́n ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú eré ilé wa lọ. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n jí fóònù mi nínú ìdààmú yẹn, ẹ má jẹ́ n bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí Bọ̀dá lè ṣe ni pé, oṣù kẹfà yẹn, líìgì Yúróòpù ti parí, àwọn ọmọ yìí máa ń wálé wá sinmi. Àwọn kan máa ń gba bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ ládùúgbò tí wọ́n ti dàgbà, ẹnu ọ̀nà ò ní géètì, owó kékeré tàbí ọ̀fẹ́ ni. Ẹ bi àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò yín, wọ́n á ti gbọ́ kí ìròyìn tó gbé e. Tẹ́ ẹ bá sì tètè dé kí líìgì tiwa tó parí, ẹ mú ọmọ wá wo ẹgbẹ́ Kano Pillars ní pápá Sani Abacha. Ẹ má fojú kéré ẹ̀ o. Ahmed Musa tó jẹ Argentina ní góòlù méjì ní World Cup 2014, tó tún jẹ Iceland ní méjì ní ti 2018, Pillars ló ti lọ sí Yúróòpù, ó sì tún padà wá gbá fún wọn ní 2021. Níbí, agbábọ́ọ̀lù á kàn jáde ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ẹ̀ léjìká, á máa wá kẹ̀kẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ti wá ra búréèkì mọ́tò lọ́dọ̀ mi rí, ó ná mi bí ìyá ọlọ́jà, mi ò mọ̀ ọ́n, ìgbà tó lọ tán ni ọmọ iṣẹ́ mi ń pariwo. Mo ní kí ló dé tó ò sọ, ó ní «Ọ̀gá, ẹ̀ ń jà lórí ẹgbẹ̀rún méjì, mi ò lè dá sí i.»

Ẹ kọ́ ọmọ ní «sannu» àti «na gode». Ọ̀rọ̀ méjì yẹn á ṣílẹ̀kùn tí Gẹ̀ẹ́sì Leeds ò ní ṣí. Tó bá sì jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹ má dúró dè wọ́n lẹ́nu mọ́sáláṣí, kò bójú mu.

Ẹni Ìbàdàn (Dublin):
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi dá yín lára yá. 22 May 2024, ní Dublin níbí, ìparí Europa League, Atalanta àti Leverkusen. Leverkusen ti gbá eré 51 láì pàdánù. Lookman ti Atalanta dé, ó gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé, 3-0. Mi ò ní tíkẹ́ẹ̀tì, níwájú tẹlifíṣọ̀n ni mo wà, bí wọ́n ṣe fọn fèrè báyìí mo wọ bàtà, mo sáré lọ síbi tí mọ́tò wọn á gbà jáde, mo ní lónìí màá pe ọmọ yìí ní Ademola kó gbọ́ ọ láti ẹnu ọmọ Yorùbá. Mo dúró nínú òtútù fún wákàtí méjì. Bọ́ọ̀sì jáde. Gíláàsì dúdú. Mo juwọ́ sí gíláàsì. Ó ṣeé ṣe kí n juwọ́ sí ẹni tó ń se oúnjẹ fún wọn.

Bọ̀dá Leeds, ọ̀nà tó rọrùn jù wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Kí ọmọ fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ lẹ́tà sí kíláàbù, kẹ́ ẹ fi àpòòwé tó ti ní sítáǹpù àti àdírẹ́sì yín sínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ kíláàbù ló máa ń fi káàdì ránṣẹ́ padà. Ọmọ tèmi gba méjì.

Àgbà Kàdúná:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀. Mo ń kà á láti àárọ̀. Èmi kì í sábà kọ nǹkan síbí, ọwọ́ mi kì í yá lórí fóònù.

Ní 1981 sí 1982 mo wà ní Kàdúná, iṣẹ́ aṣọ ni mò ń ṣe, ìgbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ ṣì ń fọnfèrè láàárọ̀ tí gbogbo àdúgbò á jí. UNTL, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ yẹn, ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Tá a bá ti kúrò níbi iṣẹ́ a máa ń yà lọ wò wọ́n. Ọmọ kan wà níbẹ̀, Rashidi Yekini lorúkọ ẹ̀, ó ga, ara ẹ̀ le, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Kàdúná ni wọ́n bí i sí ṣùgbọ́n ará Ira ní Kwara ni wọn. Tó bá gbá bọ́ọ̀lù ó máa ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń lu ẹní. A máa ń dúró sẹ́yìn góòlù, tá a bá rí i tó gbé ẹsẹ̀ a máa ń sá. Tí wọ́n bá ṣe tán á gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, bàtà lọ́wọ́. Mi ò kí i rí, ọjọ́ kan báyìí. Kí ni màá kí i fún? Ọmọ ilé iṣẹ́ kan ni.

Ó lọ sí Ìbàdàn, ó lọ sí Abidjan, ó lọ sí Portugal. Ní 1993 ó di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, Nàìjíríà ò tíì gba irú ẹ̀ rí. Òru la wò ó ní World Cup 1994, Nàìjíríà àti Bulgaria, tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò mi, a pọ̀ tó ogún. Nígbà tó jẹ góòlù tán, tó wọ inú àwọ̀n tó na ọwọ́ méjèèjì jáde tó ń ké, gbogbo wọn ń fò sókè, èmi jókòó. Mo ń rántí bàtà ọwọ́ ẹ̀. Ó kú ní 2012.

Ẹni Area 1:
Bàbá, ẹ ti pa mí lẹ́nu mọ́. Èmi náà wà ní sítédíọ̀mù l'Àbújá ní 2009, ìdíje àgbáyé àwọn ọmọ abẹ́ ọdún 17, tá a gbá 3-3 pẹ̀lú Jámánì lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ mẹ́ta. Götze wà nínú àwọn ọmọ yẹn, èyí tó gbá góòlù tí Jámánì fi gba World Cup ní 2014. Xhaka wà nínú Switzerland tó na wa 1-0 ní ìparí. Wọ́n ń kọjá lọ níwájú wa, à ń pè wọ́n ní òyìnbó lásán.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta (Leeds):
Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá, ẹ ṣeun. Mo ti bulọ́ọ̀kì ẹni Facebook yẹn. Ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, ìwé kẹta rèé. Ìbéèrè kan ló ní kí n bi yín, ẹ má rẹ́rìn-ín: tóun bá rí Lookman, ṣé kóun dọ̀bálẹ̀ ni àbí kóun bọ̀ ọ́ lọ́wọ́? Ó ti ń fi àwòrán Lookman tó wà lára ògiri kọ́ ìdọ̀bálẹ̀, àyà ẹ̀ kì í kan ilẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Kubwa):
Kó dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ẹ mú fóònù dání, ẹ ti ṣí kámẹ́rà sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ yà ju ẹyọ kan lọ.

Télọ̀ Garki:
Máàkà fàdákà wà lọ́dọ̀ mi, tuntun. Ẹ gba Garki kọjá kẹ́ ẹ tó lọ sí Gwarinpa, mi ò ní gbowó lọ́wọ́ ọmọ.